Bí A Ti Í Ṣe Àkàrà Òyìnbó Ọjọ́ Ìbí Lọ́ṣọ̀ọ́

Púpọ̀ nínú wa ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ilé nígbà tí a bá jáde kúrò níhìn-ín. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ díẹ̀ nípa bí a ti í ṣe àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí lọ́ṣọ̀ọ́ nínú ilé. Kì í ṣe pé àwa mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ. A ti ṣì í ṣe rí ni, a sì mọ ibi tí àṣìṣe náà gbà wọlé.

Ìyá kan tí ó ń dáná fún wa ní ọmọbìnrin kan tí ó pé ọdún 7 nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Ìyá náà kó ẹyin adìẹ tirẹ̀ wá, ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ṣe é kí ó dára.” A yan àkàrà náà ní òwúrọ̀, a sì fi ìkánjú bò ó nígbà tí inú rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí a rí i pé ìbora rẹ̀ ń yọ̀ wálẹ̀, a sáré gbé e sínú fíríìjì, a sì tún gbé e jáde sínú ooru ọ̀sán. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ lára rẹ̀. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní, “Màmá, ṣé ó ń sunkún ni?” Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ojú tì wá. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ẹwà tí a ń rí lóde àkàrà òyìnbó, orí ohun tí a kò rí ni ó dúró lé.

Ohun méjì ni a fi ń bo irú àkàrà yìí. Èkíní ni bọ́tàkirímù, èyí tí í ṣe bọ́tà tí a lù pọ̀ mọ́ ṣúgà lẹ́búlẹ́bú. Bí bọ́tà bá jẹ́ gíráàmù 250, kí ṣúgà jẹ́ 500. A ó kọ́kọ́ lu bọ́tà nìkan títí yóò fi funfun tí yóò sì fúyẹ́; lẹ́yìn náà ni a ó máa da ṣúgà tí a ti fi ajọ̀ jọ̀ sí i ní díẹ̀díẹ̀. Èkejì ni fọ́ńdáǹtì, èyí tí í ṣe ṣúgà lẹ́búlẹ́bú tí a fi omi, gẹ̀látíìnì àti glúkóòsì olómi pò títí ó fi rọ̀ bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. A lè yí i kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ. Bọ́tàkirímù ni ó ń mú un lẹ̀ mọ́ àkàrà.

Ọ̀tá àwọn méjèèjì ni ooru àti ọ̀rinrin. Bọ́tà a máa yọ́ láàrin ìwọ̀n Celsius 32 sí 35, ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà ní Èkó a sì máa tó 33. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìwé tí a kọ ní ilẹ̀ òtútù lè rò pé ọwọ́ òun ni kò dára, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọjọ́ ni kò bá ìwé náà mu. Nítorí èyí, àwọn ẹlòmíràn a máa fi ọ̀rá funfun tí a fi epo ewéko ṣe rọ́pò ìdajì bọ́tà, nítorí òun kì í tètè yọ́. Ṣúgà ní tirẹ̀ a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ní àkókò òjò, fọ́ńdáǹtì a máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Kí a wọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ sórí tábìlì. Ní àkókò ọyẹ́, a máa yára gbẹ, a sì máa là. Kí a fi ọ̀rá funfun díẹ̀ pa ọwọ́, kí a sì fi láílọ́ọ̀nù bo èyí tí a kò tíì lò.

Ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é nìyí:

1. Kí a jẹ́ kí àkàrà tutù pátápátá. Bí ó bá sùn mọ́jú, ó dára jù. Kí a fi ọ̀bẹ eléyín gé orí rẹ̀ tí ó wú, kí ó lè tẹ́jú.

2. Kí a fi bọ́tàkirímù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á yíká, kí èérún àkàrà lè dúró sínú rẹ̀. Kí ó wà nínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 30.

3. Kí a pa á lẹ́ẹ̀kejì, kí ó nípọn díẹ̀, kí a fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ mú un dán, kí a sì jẹ́ kí ó le.

4. Kí a wọn ìbora rẹ̀. Bí àkàrà bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, tí ó sì ga ní 10, ẹ̀gbẹ́ kan 10, orí 20, ẹ̀gbẹ́ kejì 10: àpapọ̀ rẹ̀ 40. Kí a fi 5 kún un fún gígé. Fọ́ńdáǹtì kílógíráàmù 1 yóò tó o, bí a bá yí i kí ó nípọn ní mìlímítà 4.

5. Kí a fi igi tí a fi yí i gbé e, kí a tẹ́ ẹ láti orí, kí a sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ rọra tẹ̀ ẹ́ wá sísàlẹ̀. Ibi tí ó bá ká jọ, kí a tú u kí a tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. A kò gbọdọ̀ fà á, nítorí yóò ya.

6. Nígbà náà ni ọ̀ṣọ́ kàn: òdòdó, orúkọ ọmọ, àti iye ọdún rẹ̀. Ẹ̀kán omi kan ti tó láti lẹ òdòdó kan.

Lẹ́yìn èyí, kí a gbé e sí ibi tí ó tutù tí oòrùn kò dé. Bí ó bá di dandan kí ó wọ fíríìjì, kí ó wà nínú páálí tí a pa dé, kí a má sì ṣí i nígbà tí a bá gbé e jáde títí òtútù yóò fi kúrò lára rẹ̀. Páálí ni omi yóò sẹ̀ sí, kì í ṣe àkàrà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a bẹ ìyá náà pé kí ó jẹ́ kí a tún un ṣe, a sì fi owó ara wa ra ẹyin. A yan án ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó mú, a ti bò ó tán. Ọmọ náà yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì béèrè bóyá òun lè mú òdòdó kan pa mọ́.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ yìí, òdòdó ni wọn yóò fẹ́ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé àkàrà náà, kí wọ́n sọ fún yín bóyá ó ti tutù.