Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: KÍ IHÒ TÍ DÓKÍTÀ LÀ SÓJÚ MÁ BAÀ DÍ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ owó ni ẹ̀kọ́ wa máa ń dá lé lórí. Ti oṣù yìí dá lórí ojú tí a fi ń ka owó náà.

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí a bá lu ọmọ tuntun létí, a kì í fi ihò náà sílẹ̀ lásán. Òwú la máa ń fà sí i títí tí yóò fi tó yẹtí í lò. Bí a kò bá fi òwú sí i, kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, ihò ti dí. Ara ọmọ kò ṣe ohun tó burú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe: ibi tó bá ti lu, á pa á dé. Ohun kan náà ló máa ń ba iṣẹ́ abẹ glaucoma jẹ́, òun la sì fẹ́ kọ́ lónìí.

KÍ NI GLAUCOMA?

Inú ẹyin ojú ní omi tirẹ̀ tó ń sun nígbà gbogbo. Kì í ṣe omijé o. Omi yìí ní ọ̀nà tó ń gbà jáde. Bí ọ̀nà náà bá há, omi á pọ̀ jù, agbára rẹ̀ á máa tẹ iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ, iṣan náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ máa ń sọnù, ẹni tó ní in á ṣì máa ka owó, á máa fi aṣọ han oníbàárà, kò ní mọ̀ pé nǹkan ń lọ. Ìran tó bá sì ti bá a lọ kò ní padà wá mọ́.

Láàárín ọdún 2005 sí 2007, wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè wò káàkiri Nàìjíríà. Nínú ogún èèyàn, ẹnì kan ní glaucoma. Nínú márùn-ún tó ní in, ẹnì kan ti fọ́jú. Àwọn tó mọ̀ pé àwọn ní in kò tó mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún.

IṢẸ́ ABẸ ÀTI ÀPÁ RẸ̀

Oògùn kíkán sójú ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fúnni. Bí ìyẹn kò bá ká a, tàbí tí owó rẹ̀ kò ṣeé rà lóṣooṣù, dókítà lè dábàá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní trabeculectomy. Ọdún 1968 ni dókítà òyìnbó kan, J. E. Cairns, gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà á la ilẹ̀kùn kékeré sí funfun ojú, lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè, á sì fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ojú bò ó. Omi á máa gba ibẹ̀ jáde sábẹ́ awọ náà, ara á sì máa fà á mu. Ẹ jẹ́ kó yé wa dáadáa: iṣẹ́ abẹ yìí kì í dá ìran tó ti lọ padà. Èyí tó ṣẹ́kù ló ń bá wa pa mọ́.

Ibi tí ìjà wà nìyí. Lójú ara wa, egbò ni ilẹ̀kùn náà. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í hun àpá sí i kó lè dí. Bí ó bá dí, omi á tún kún, a dé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú, àpá máa ń yára hù lára wa ju ti àwọn mìíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ọ̀dọ́, àti ti ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí rí. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń wá òwú tí wọn ó fà sí ihò yìí. Oògùn ni òwú náà.

Ọ̀NÀ TÍ OÒGÙN FI Ń DÉ IBẸ̀

Oògùn méjì ló gbajúmọ̀ jù, 5-FU àti mitomycin C. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù bí ẹ bá gbọ́ pé oògùn àrùn jẹjẹrẹ ni àwọn méjèèjì. Ohun tó ń dá jẹjẹrẹ dúró kó má lè máa pọ̀ sí i, òun náà ló ń dá àpá dúró. Ìwọ̀n kékeré gan-an ni wọ́n ń lò sójú.

Ẹni tó bá ti fọ́n oògùn koríko sóko rí yóò tètè mọ ìyókù. Bí ó bá kéré jù, koríko á tún hù. Bí ó bá pọ̀ jù, tàbí tó kan ibi tí kò yẹ, iṣu pàápàá á kú. Bákan náà, bí oògùn ojú yìí bá pọ̀ jù, awọ á fẹ́lẹ́ jù, omi á máa jò, ojú á rọ̀ jù, kòkòrò àrùn sì lè ráyè wọlé. Nítorí náà, ibi tí a fi oògùn sí, iye rẹ̀, àti àkókò tó lò níbẹ̀ ṣe pàtàkì bí oògùn náà fúnra rẹ̀.

Èkínní, abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n ń dán 5-FU wò ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1980 sí 1989, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n ń gún un sábẹ́ awọ ojú fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Abẹ́rẹ́ 21 nìyẹn! Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ha dúdú ojú. Lóde òní, dókítà á wo bí ojú ṣe ń jinná kó tó mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kó gún un.

Èkejì, fóòmù kékeré. Ní ọdún 1983, dókítà Chen ní Taiwan kọ̀wé nípa lílo mitomycin C fún iṣẹ́ abẹ yìí. Wọ́n á rẹ fóòmù kékeré sínú oògùn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi iṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́rin, wọ́n á kó o jáde, wọ́n á sì fi omi púpọ̀ ṣan ibẹ̀. Bí a ti ń ka owó ẹgbẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ka fóòmù: iye tó wọlé ni kó jáde. Àwọn dókítà mìíràn máa ń gún mitomycin C sábẹ́ awọ dípò fóòmù.

Ẹ̀kẹta, ìtànṣán. Ní South Africa, wọ́n fi irinṣẹ́ kékeré tó ní strontium-90 kan ojú àwọn èèyàn dúdú bíi tiwa fún ìgbà díẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Lẹ́yìn ọdún kan, iṣẹ́ abẹ ti bàjẹ́ fún bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gba ìtànṣán, fún àwọn tó gbà á, bí 5 péré ni. Ṣùgbọ́n cataract tó nílò iṣẹ́ abẹ pọ̀ jù lára àwọn tó gbà á.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí àwọn onímọ̀ ṣì ń dán wò: kí wọ́n fi oògùn sínú ohun rírọ̀ kan tí wọn ó fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí yóò máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí èyí bá yọrí, á dín abẹ́rẹ́ àti ìnáwó ọkọ̀ kù.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LÁÀÁRÍN WA

Ìyá aláṣọ kan wà nínú ẹgbẹ́ wa. Ó ní kí a má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n kí a sọ ọ́. Ó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí sí ojú kan, ó sì yọrí. Dókítà ní kó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì bọ́ sí ọjà Iléyá. Màmá ní, "Ojú ò dùn mí, kí ni mo tún ń wá lọ?" Ọ̀sẹ̀ kẹfà ló tó padà, ihò ti dí. Wọ́n sọ fún un pé ká ní ó tètè wá ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tú àpá náà nígbà tó ṣì rọ̀, kí wọ́n sì gún 5-FU sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń tajà, ojú kejì ló fi ń ríran. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ya àwọ̀ aṣọ sọ́tọ̀.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àwa ìgbìmọ̀ la ṣírò ẹ̀yáwó rẹ̀. Owó iṣẹ́ abẹ la fún un, a kò ka owó ọkọ̀, owó oògùn kíkán, àti ọjọ́ tí kò ní lè tajà mọ́ ọn. Òwú la gbàgbé.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

1. Ẹni tó bá ti pé 40 ọdún, tàbí tí òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ní glaucoma, kó lọ yẹ ojú wò. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà nílùú yìí: ní ilé-ìwòsàn Baptist àtijọ́, tó di Bowen University Teaching Hospital ní 2009, àti ní LAUTECH Teaching Hospital. UCH náà wà ní Ìbàdàn.

2. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, kó béèrè pé: "Dókítà, oògùn wo lẹ ó lò kí àpá má dí i? Ọ̀nà wo lẹ ó gbà fi sí i? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa padà wá?"

3. Ẹ máa kán oògùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bí wọ́n ti ní kí ẹ kán an. Ẹ má fọwọ́ ra ojú.

4. Bí ojú bá pọ́n, tó dùn, tó sun ọyún, tàbí tí ìran ṣú, ẹ lọ lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ti pé ọdún mélòó kan.

5. Ẹni tó bá wá yá owó iṣẹ́ abẹ ojú, kó kọ owó ìpadàlọ mọ́ ọn. Ìgbìmọ̀ yóò gbé èyí wá sí ìpàdé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

Kí ló dé tí ara fi ń dí ihò tí dókítà là? Kí ni ewu oògùn tó pọ̀ jù? Ta ni yóò bá ẹnì kejì dúró ní ìsọ̀ lọ́jọ́ tó bá lọ rí dókítà?

Èyí tó kẹ́yìn yìí, kì í ṣe ẹnu nìkan la fẹ́ kí ẹ fi dáhùn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ire o.