ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: ÈNÌYÀN LAṢỌ

 

📖 *Bíbélì kíkà:* Jòhánù 5:1-15

Ọdún 38 ni ọkùnrin tá a kà nípa rẹ̀ yìí ti wà nínú àìlera. Ẹ wo ibi tó dùbúlẹ̀ sí: ẹ̀gbẹ́ adágún omi Bẹ́tẹ́sídà ní Jerúsálẹ́mù, níbi tí ìloro márùn-ún ti kún fún afọ́jú, arọ àti oríṣiríṣi aláìsàn. Ojoojúmọ́ ló ń rí èèyàn. Síbẹ̀, nígbà tí Jésù bi í bóyá ó fẹ́ ìwòsàn, kò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, kò sọ̀rọ̀ oògùn. Ohun tó sọ ni pé òun ò ní èèyàn tí yóò gbé òun sínú omi. Àárín èrò ló wà, àmọ́ kò lẹ́nìkan.

Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Bí ẹni tó wà láàárín èrò bá lè wà láìláṣọ báyìí, ti ẹni tó ń dá wà nínú yàrá ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu ẹnìkan nínú ìjọ, lóṣù kìíní, ilé á kún. Ẹgbẹ́ akọrin á wá, àwọn ìyá ìjọ á gbé oúnjẹ wá. Tó bá fi máa di oṣù kẹfà, ó ku òun àti rédíò. Kò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ni kò ṣe wá. Kò wá mọ́, la ṣe gbàgbé rẹ̀. Lọ́dún 2019, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá dù wọ́n. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó lè fi tipátipá sọ èèyàn di ọ̀rẹ́. Ìyẹn kù sọ́wọ́ wa.

Kí la rí kọ́ lára Jésù?

1️⃣ *Ó rí i, ó sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ níbẹ̀* (ẹsẹ 6). Ta ni ìjókòó rẹ̀ ti ṣófo tipẹ́ nínú ìjọ wa?

2️⃣ *Ó bi í léèrè.* Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹni náà gan-an ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má bi ará ilé pé, "Ṣé ó ti jẹun?" nígbà tó jókòó síwájú yín. Ẹ má ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìtọrọ àyè. Àdúrà ìwòsàn dára, àmọ́ kó má jẹ́ òun nìkan la bá wá. Ẹ jẹ́ kó sọ ti bọ́ọ̀lù, kó pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, torí ọ̀rẹ́ kì í ṣe oníbáárà.

3️⃣ *Ó tún wá a rí nínú tẹ́ḿpìlì* (ẹsẹ 14). Ọ̀rẹ́ kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ẹ má ṣèlérí ojoojúmọ́. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ mú ṣẹ sàn ju ìlérí ńlá tó já sófo, torí ẹni tó ń dá wà á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Tí ẹ ò bá ní lè wá, ẹ tètè pè é. Ẹ máa lọ ní méjì-méjì, kí ará ilé mọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fọ́tò rẹ̀ sórí status.

Nínú 2 Sámúẹ́lì 9, Dáfídì ì bá kàn fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí Mẹfibóṣẹ́tì ní Lodebárì. Àmọ́ ó ní kí wọ́n lọ mú un wá, tábìlì ọba ló sì ti ń jẹun nígbà gbogbo.

✅ *Iṣẹ́ òní:* Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ pe ẹnìkan tó ti di ará ilé. Ẹ bi í lọ́jọ́ tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kẹ́ ẹ sì lọ.

🙏 *Àdúrà:* Olúwa, la ojú wa rí ẹni tá a ti gbàgbé. Fún wa ní ẹsẹ̀ tó ń lọ, àti etí tó ń gbọ́. Má jẹ́ kó rẹ̀ wá lẹ́yìn oṣù kìíní. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ wa á dára o.