OORE-Ọ̀FẸ́ Ń KỌ́NI
Ka: Títù 2:11-14

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọ Deeper Life, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ka tẹlifíṣọ̀n léèwọ̀ fún ọmọ ìjọ. Lónìí, wọ́n ń wàásù lórí rẹ̀. Òfin yí padà; Olùgbàlà kò yí padà.

Èmi náà ti dá ọmọbìnrin kan padà lẹ́nu ọ̀nà ìjọ ní Àjàgbà níhìn-ín, nítorí yẹtí. Kò wá mọ́. Lọ́jọ́ náà, ẹni tí ó ń fi kóńgò tí a lu ìdí rẹ̀ wọnú ta gàárì jókòó níwájú. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́!

Oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda láti dẹ́ṣẹ̀. Olùkọ́ ni, Pọ́ọ̀lù sọ bẹ́ẹ̀. Kóńgò yẹn ni yóò kọ́kọ́ bèèrè.

Àdúrà: Bàbá, mú àwọn tí mo lé lọ padà wá.