Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kan, Alájà Méjì

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń fi ètò kọ̀ǹpútà Revit yàwòrán ilé ní Ìbàdàn àti Èkó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà lójú kọ̀ǹpútà, Yorùbá sì ni onílé fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Láàárín méjèèjì ni a ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Bí bíríkìlà bá sì ti fi bulọ́ọ̀kù lé àṣìgbọ́ náà, owó ńlá ni yóò tún un ṣe.

Ká ní ìyá oníṣòwò kan sọ pé, "Ọmọ mi, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni kí o yà fún mi o." Ọmọ náà dáhùn pé, "Ẹ ṣeun mà, ìpele kan." Ọmọ yìí ti ṣì í gbọ́. Ìpele méjì ni màmá ń wí: ìsàlẹ̀ kan, òkè kan. Ibi tí a fi àtẹ̀gùn gùn dé nìkan là ń kà nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní Àgbádárìgì ní 1845, tí a mọ̀ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, òkè kan péré ló ní. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yà á lórí kọ̀ǹpútà yóò fa ìlà mẹ́ta: ti ìsàlẹ̀, ti òkè, àti ti ibi tí òrùlé ti bẹ̀rẹ̀.

Revit tún dá kún un, nítorí bí ará Amẹ́ríkà ṣe ń ka ilé ló ṣe ń kà á: Level 1 ni ìsàlẹ̀, Level 2 ni òkè. ArchiCAD, ètò mìíràn tó wá láti Hungary, òdo ló fi ń pe ìsàlẹ̀, èyí sì bá ìṣirò pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa mu. Ṣùgbọ́n méjèèjì ló gbà kí a yí orúkọ náà padà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: ẹ kọ Ìsàlẹ̀, Òkè àti Òrùlé síbẹ̀, tàmìtàmì, kí onílé lè ka àwòrán ara rẹ̀.

Àjà ńkọ́? Àjà ni ohun tó wà lókè orí wa nínú yàrá. Nínú ilé alámọ̀ àtijọ́, igi ni wọ́n ń tò, tí wọ́n á rẹ́ amọ̀ lé e lórí, wọ́n á sì máa kó ẹrù pamọ́ sókè àjà. Yàrá ìsàlẹ̀ ní àjà tirẹ̀, ti òkè ní tirẹ̀, nítorí náà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ilé alájà méjì ni. Àwọn tó ń lo alájà mẹ́ta àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n, mi ò bá wọn fọwọ́ sí i. Ẹ má sì fi àmì ohùn sílẹ̀: láìsí àmì, ilé ẹni tó ní ajá mẹ́ta ni òǹkàwé lè rí níbẹ̀. Bákan náà, "àjà ń jò" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó péye. Òrùlé ló ń jò. Omi kàn ń gba ara àjà kán sílẹ̀ ni.

Ibi tó le jù ni ìyàtọ̀ láàárín ìpele àti ohun tó wà lórí rẹ̀. Ìpele (Level) lórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe kọnkéré. Ìlà lásán ni, tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe ga tó. Nínú Revit, dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tó jẹ́ ilẹ̀ òkè, a máa fi orí kan ìlà náà, tí ara rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀ ìlà. Bí ìlà òkè bá wà ní 3000 mìlímítà, tí dẹ́kìn sì nípọn tó 150, abẹ́ dẹ́kìn náà wà ní 2850. Òrùlé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀: ìdí ló fi ń lé ìlà, tí ara rẹ̀ yóò sì wà lókè. Fi orí kan, fi ìdí lé: ẹni tó bá mọ méjèèjì yìí kò ní í fi òrùlé sórí ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ògiri wá yọrí láàárín páànù.

Mo tún ń gbọ́ "òrùlé yìí tẹ̀ dáadáa" lẹ́nu àwọn ayàwòrán. Òrùlé tó tẹ̀, igi rẹ̀ ti rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí káfíńtà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, ńṣe ló dagẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá ń ya òrùlé yí ilé po, Revit ń fi àmì onígun mẹ́ta kékeré sí etí tí òrùlé yóò ti dagẹ̀rẹ̀. Bí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ní àmì, òrùlé dagẹ̀rẹ̀ síhà mẹ́rin. Bí a bá yọ ti méjì tó dojú kọra, ó di òrùlé ojú méjì, ògiri ìhà méjèèjì yóò sì ga dé ṣónṣó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí àwọn ayàwòrán máa lò ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, omi òjò tó ń ṣàn bọ́ láti etí òrùlé. Òjò lè dá tán kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ṣì máa bọ́. Bí òrùlé bá yọ síta ní 600 mìlímítà, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kò ní í máa gbẹ́ ìdí ògiri. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà tó há, 600 yẹn lè dà á sí àgbàlá aládùúgbò, ìjà ti ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò púpọ̀. Kí ẹ tó tẹ àwòrán jáde, ẹ gé ilé náà lágbède-méjì lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi ìka tọ́ ọ fún màmá: "Ibí ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yóò bọ́ sí, mà."