Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Fáńdéṣọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbaṣẹ́ ilé kíkọ́, bí oníbàárà bá mú yín dé orí ilẹ̀ rẹ̀ ní Bódìjà tàbí Agbowó, ní Ìbàdàn níbí, ẹ má tíì na okùn. Ẹ padà lọ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ wo ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń tajà lójú títì ibi tí àgbàrá máa ń dé nínú oṣù Kẹjọ. Ààlà ni sọ́fẹ́yọ̀ máa fi hàn yín, kì í ṣe ọ̀nà omi.

Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè, ó wó ilé, ó gbé èèyàn lọ. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé, ó wọ ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó gé afárá káàkiri. Oníbàárà ló ń ra ilẹ̀ bèbè odò, àmọ́ bíríkìlà ló ń bá a gbẹ́ fáńdéṣọ̀n. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù dí ojú àgbàrá, ẹ fiṣẹ́ náà sílẹ̀. Owó á bọ́ o, mo mọ̀.

Ti oòrùn kò le. Ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn ni kó kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ẹ la fèrèsé sí ọ̀tún àti òsì yàrá, kí atẹ́gùn tó wọlé lè ríbi jáde. Ẹ lọ wo ohun tí Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya láti Ìlú Ọba, yà sí Yunifásítì Ìbàdàn: ògiri tó ní ihò bí ajere, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ wá wo àwọn ilé onígíláàsì tí kò ṣeé ṣí ní Ring Road báyìí. Iná lọ, ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Iṣẹ́ Demas Nwoko ni mo fẹ́ kí ẹ wò jù. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria, síbẹ̀ òun ló yàwòrán ilé ìjọsìn àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, ní Ìbàdàn. Ilẹ̀ pupa tí ẹ̀yin ń wú dànù, òun a máa pò ó mọ́ símẹ́ǹtì, a fi gé búlọ́ọ̀kù tí kò nílò ọ̀dà. Lọ́dún 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion níbi àfihàn iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Venice fún gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láyé.

Tí ilé bá parí, oníbàárà á fẹ́ fi intalọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó mọ síbi tí mọ́tò ń tẹ̀, kí ìyókù jẹ́ koríko, kí omi lè máa wọnú ilẹ̀. Bí igi máńgòrò bá ti wà níbẹ̀, ẹ yí pílánì nítorí rẹ̀. Kí ẹ sì fi páìpù darí omi òrùlé sínú táǹkì, torí kànga tó wà lágbègbè yín lè gbẹ tó bá di oṣù Kejì.