Jókòó Tì Í Kí O Tó Ṣí Kúlà

Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Àdúrà tí a fi ń sin ọmọ Ìwó sọ́nà ìrìn àjò nìyẹn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn pàápàá, oko ìwájẹ ni.

Níbi tiwa, ilé ni oúnjẹ aláìsàn sábà máa ń ti wá. A ó gbé kúlà dé, a ó ní "Ẹ jẹun o," a ó sì bọ́ síta lọ gbé fóònù.

Lọ́jọ́ kẹta tí ìyá mi wà ní wọ́ọ̀dù, àmàlà gbígbóná àti ewédú ni mo gbé lọ. Wọn ò wojú rẹ̀. "Ẹnu mi korò bí ewúro," ni wọ́n wí. Mo bẹ̀ wọ́n títí, inú tilẹ̀ ń bí mi. Àbúrò mi obìnrin ló dé, tó bu omi fún wọn yọ ẹnu, tó fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn kí wọ́n lè jókòó dáadáa, nítorí ẹni tó ń jẹun lórí ìdùbúlẹ̀, oúnjẹ lè pá a lórí. Ó bó ewé lára ẹ̀kọ kan, ó gé e sí méjì, ó fi ìdajì sẹ́nu ara rẹ̀, ó sì ń ròyìn ìjà àwọn aláta lọ́jà. Kí ìròyìn tó dé ibi tí agbọ̀n ti dànù, ìyá mi ti mú ìdajì kejì. "Ta ló wá ṣa ata náà?" ni wọ́n ń bèèrè.

Ọ̀yàyà ju oúnjẹ lọ. Èmi ti rò pé nítorí àlejò nìkan ni àgbà ṣe pa á lówe.

Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tọ́jú àwọn sójà nígbà ogun Crimea, kìlọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1859 pé kí á má fi oúnjẹ tí aláìsàn kò jẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; bó bá ṣe ń rí i ṣáá, yóò sú u pátápátá. Ooru tiwa tún dá kún un: oúnjẹ tí a bá ti bù sílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ, ẹ gbé e kúrò. Ẹni tó bá wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen, Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìwó ni yunifásítì náà wà; ẹ má ru ọbẹ̀ láti Ìwó lọ sí ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹni tó lè se é nítòsí.

Ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì ná. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, wọ́n lè ní kó má fi nǹkan kan ẹnu. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù, irú, àlùbọ́sà àti ẹ̀fínrín lè bá a wá adùn, ṣùgbọ́n ẹ tọ́ irú ọjà wò, torí àwọn kan ń fi iyọ̀ sí i. Màgí náà, iyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìwọ̀nba ni kí ẹ máa bù. Àwo tó kún dẹ́nu a máa ba aláìsàn lẹ́rù. Ẹ bu ṣíbí mẹ́rin, tó bá tán kí ẹ tún bù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi ránṣẹ́ sílé: ẹ̀kọ méjì, kí àbúrò mi sì wá parí ọ̀rọ̀ aláta.