Dè É Kì Í Ṣe Dẹ̀ Ẹ́

Bí ọ̀gá mẹkáníìkì bá fi fóònù kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, láìfi àmì kankan sí i, pé "de awon bolt yen", iṣẹ́ méjì tó tako ara wọn ló rán an. Dè ni kí a so nǹkan kó le, bí a ṣe ń de ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Dẹ̀ ni kó rọ̀, kó má fún mọ́. Òun ló bí dẹwọ́ àti dẹsẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá sì tẹ̀ lé wọn, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn méjèèjì á di ohùn àárín: de bóòtù, dẹ bóòtù. Àmì abẹ́ nìkan ló kù tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀pọ̀ ń fi tú rọ́pò dẹ̀, èyí kò sì tọ̀nà lórí ẹ́ńjìnnì. Ohun tí a bá tú ti kúrò pátápátá. Ohun tí a bá dẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ orí ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní tọ́ọ̀pù sílíńdà, a óò jẹ́ kó tutù, a óò dẹ bóòtù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín, ìgbà náà la óò tó tú wọn. Ẹni tó bá tú ọ̀kan tán kó tó kan èkejì lè mú kí orí náà wọ́, pàápàá bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù.

Ìgbà tí a bá ń dá a padà ni ọ̀rọ̀ dùn jù. "Dè é kó le" ni wọ́n sábà máa ń sọ. Le dé ibo? Ẹ wo Golf 3 onísílíńdà mẹ́rin, irú èyí tó ní fáàfù mẹ́jọ: bóòtù mẹ́wàá ló wà lórí rẹ̀. A ó fi sípánà tó ń díwọ̀n agbára dè wọ́n dé 40 Newton-mítà, lẹ́yìn náà 60. Lẹ́yìn èyí, ìwé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò dárúkọ agbára mọ́. Ìlàjì ìyípo ló ní ká fi kún un. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ yí padà níbí: a kò sọ pé dè é mọ́, a ní yí i. Ìdí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tí sípánà ń díwọ̀n ni ìhà irin tó ń ha ara wọn ń jẹ. Ìdọ̀tí tàbí ìpẹtà díẹ̀ tó láti tan sípánà jẹ. Ṣùgbọ́n ìlàjì ìyípo kì í purọ́: iye tó yẹ kí bóòtù nà ni yóò nà. Bó bá ti nà báyìí, kò ní í kúrú padà mọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń ra tuntun bí a bá tún tú u.

Mo tún ń gbọ́ "fún bóòtù náà". N kò fara mọ́ ọn. Bóòtù la ń dè. Gáskẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ni ó ń fún pọ̀, kí omi àti ọ́ìlì má baà pàdé.

Bí ọ̀gá bá fẹ́ kọ ọ́ re, kó kọ ọ́ báyìí: "Nu inú ihò àwọn bóòtù gbẹ. Fi ọwọ́ de gbogbo wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti àárín bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Dè wọ́n dé 40, kí o tún bẹ̀rẹ̀ láti àárín, dè wọ́n dé 60. Yí wọn ní ìlàjì. Má dẹ ìkankan."